Bí ẹ ṣe máa dá sẹ́ẹ̀lì plasma tó ṣàjèjì mọ̀ lábẹ́ máíkrósíkópù, láì ṣì í pè

Súláìdì mùdùnmúdùn egungun wà lábẹ́ lẹ́ńsì. Sẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín, inú rẹ̀ kún fún nǹkan róbótó-róbótó tó mọ́ gaara. Ẹnì kan ní ihò lásán ni. Ẹnì kejì ní ọ̀rá ni. Ẹnì kẹta ti mú bírò, ó ti ń kọ "myeloma", jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì plasma, sórí ìwé èsì. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì í.

Sẹ́ẹ̀lì plasma ló ń ṣe antibody tó ń gbèjà ara. Tí ìrísí rẹ̀ bá ti yí padà, ojú wa máa ń sáré dájọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ láàbù ní Abẹ́òkúta níbí ti ń kọsẹ̀ jù lọ. Ẹni tí wọ́n gún ní egungun ìbàdí ń retí èsì yìí. Ohun tí ẹ bá kọ lè mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ fún un, ó sì lè mú kí wọ́n wá àrùn mìíràn tó farasin. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú un ní ìpele-ìpele.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Máíkrósíkópù tó ní lẹ́ńsì 10, 40 àti 100, pẹ̀lú òróró tí a ń kán fún lẹ́ńsì 100. Àwọ̀ Leishman 0.15%, bọ́fà pH 6.8, methanol tí ìgò rẹ̀ ṣì dé pa dáadáa, pípẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, ráàkì, ẹ̀rọ ìkàye. Súláìdì mùdùnmúdùn mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹ fi méjì sílẹ̀ láìkùn. Súláìdì ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, àti súláìdì ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ẹ máa kùn pọ̀ mọ́ wọn nínú ráàkì kan náà. Ẹ má fojú kékeré wo súláìdì ẹni tó lera yìí. Òun ló máa gbà yín lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ tún nílò inverter tàbí bátìrì. Kíkùn súláìdì kò nílò iná, ṣùgbọ́n kíka sẹ́ẹ̀lì nílò rẹ̀. Tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ti ka sẹ́ẹ̀lì 340, tí ẹ kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ ó padà sí.

Ìwé tó ní orúkọ àti ọjọ́ orí nìkan kò tó. Ẹ pe wọ́ọ̀dù, kí ẹ béèrè ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara aláìsàn (haemoglobin), creatinine tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, calcium, àti púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (total protein àti albumin). Ẹ béèrè bóyá egungun ń ro ó, bóyá egungun kan ti dá láìsí ìjàǹbá, àti bóyá ó ní HIV tàbí àrùn mìíràn tó ti pẹ́ lára.

Ìpele 1: Ẹ ṣe súláìdì tó ṣeé gbà gbọ́

Mùdùnmúdùn máa ń dì kíákíá, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni kí ẹ ti tẹ́ ẹ. Ìfà àkọ́kọ́, tí kò ju nǹkan bíi 0.5 ml lọ, ni ẹ máa lò fún súláìdì. Tí wọ́n bá fa púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ lásán ló máa tẹ̀lé e, sẹ́ẹ̀lì plasma á sì dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ẹ kán an sórí súláìdì, ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ. Àwọn ègé kéékèèké tó ṣẹ́ kù, tó ń dán fẹ́ẹ́rẹ́ nítorí ọ̀rá, ni mùdùnmúdùn gan-an. Ẹ mú wọn, kí ẹ tẹ́ wọn sórí súláìdì mìíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni gbígbẹ. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ ìlú wa máa ń kún fún omi, súláìdì kì í tètè gbẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó bá pẹ́ kó tó gbẹ á hunjọ, ara rẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ ò sì ní mọ èwo ni kóró, èwo ni ara. Ẹ fi fáànù fẹ́ ẹ kó gbẹ kíákíá kí ẹ tó fi methanol mú un dúró. Methanol fúnra rẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ìgò tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ á ba súláìdì jẹ́: inú sẹ́ẹ̀lì pupa á máa dán, á ní ihò tí ìlà mímọ́lẹ̀ yí ká, irú ihò bẹ́ẹ̀ á sì wọ inú sẹ́ẹ̀lì funfun pẹ̀lú.

Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ nínú ìgò EDTA, ìgò tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀jẹ̀ tó ti Àyétòrò tàbí Ìmẹ̀kọ wá, tó tún há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá, lè ti ní ihò nínú neutrophil àti monocyte, tí wọ́n jẹ́ irú sẹ́ẹ̀lì funfun, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ súláìdì níbi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìgò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí dára? Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì pupa. Tí wọ́n bá jọ̀lọ̀, tí àárín wọn kan funfun fẹ́ẹ́rẹ́ láìsí ìlà tó ń dán, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Tí wọ́n bá ń dán, ẹ má lo súláìdì yẹn láti fi sọ̀rọ̀ nípa ohunkóhun tó jọ ihò.

Ìpele 2: Kíkùn

Ẹ da Leishman bo súláìdì fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ fi bọ́fà pH 6.8 tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ kún un, ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì pò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á gba ìṣẹ́jú 8 sí 10. Mùdùnmúdùn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún un ní 15 sí 20. Ẹ fi bọ́fà ṣan án, ẹ gbé e dúró kó gbẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi kànga tàbí omi bọ̀hóòlù dípò bọ́fà. Tí omi bá ti yẹ̀ sí apá alkali, gbogbo nǹkan á di búlúù, etí pupa tó wà lára flame cell, irú sẹ́ẹ̀lì plasma kan tí ẹ máa bá ní ìpele 5, á sì farasin. Tó bá yẹ̀ sí apá ásíìdì, gbogbo nǹkan á pọ́n, gbogbo sẹ́ẹ̀lì plasma inú súláìdì á wá máa jọ flame cell. Ẹnì kan lè fi bẹ́ẹ̀ kọ àrùn tí kò sí, omi ló sì fà á.

Ohun tí ẹ fi máa yẹ̀ ẹ́ wò ni eosinophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan: ọkà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Kóró neutrophil gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, sẹ́ẹ̀lì pupa gbọ́dọ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé súláìdì ẹni tó lera sábẹ́ lẹ́ńsì. Tí ilẹ̀ súláìdì aláìsàn bá ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, tí ti ẹni tó lera tí ẹ jọ kùn pọ̀ sì mọ́, a jẹ́ pé púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ló gba àwọ̀ yẹn. Ẹ má ṣan án títí ẹ ó fi ba súláìdì jẹ́. Àmì ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ fi lẹ́ńsì 10 rìn ká kí ẹ tó fi 100 tẹjú mọ́ nǹkan

Ẹ wá àwọn ègé mùdùnmúdùn àti ipa tí wọ́n fà sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Sẹ́ẹ̀lì plasma fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ àwọn ègé yìí. Tí wọ́n bá tò mọ́ ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, tí wọ́n dàgbà dáadáa tí wọ́n sì jọra, ó sábà máa ń jẹ́ pé ara ń fèsì sí àrùn kan ni. Tí wọ́n bá dì pọ̀ gègèrè, tí wọ́n ti lé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń yàtọ̀.

Lórí súláìdì ẹ̀jẹ̀, ẹ wò bóyá sẹ́ẹ̀lì pupa gorí ara wọn bí owó ẹyọ tí wọ́n tò jọ. Ibi tó fẹ́lẹ́ nìkan ni kí ẹ ti wò ó. Níbi tó nípọn, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lera pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wọ́pọ̀

Ẹni tí kò mọ sẹ́ẹ̀lì plasma gidi kò lè mọ èyí tó ṣàjèjì. Ó gùn bí ẹyin díẹ̀, ó máa ń tó 8 sí 20 µm. Nucleus rẹ̀, tí mo máa ń pè ní kóró, wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kì í gbé àárín. Chromatin, ìyẹn DNA tó wà nínú kóró náà, dì ní bátànì-bátànì sí etí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ojú aago. Ara sẹ́ẹ̀lì náà búlúù gidigidi, nítorí RNA tó kún inú rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe antibody. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró, àyè kan mọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́: ibẹ̀ ni Golgi wà, níbi tí wọ́n ti ń di antibody kí wọ́n tó rán an jáde.

Àwọn tó ń jọ ọ́ pọ̀. Osteoblast, tó ń mọ egungun, ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Òun náà ní kóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ara búlúù. Ṣùgbọ́n ó tóbi jù, ó máa ń wà ní agbo, nucleolus rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kán kékeré tó wà nínú kóró, máa ń hàn, àyè tó mọ́lẹ̀ nínú ara rẹ̀ sì jìnnà sí kóró. Ti sẹ́ẹ̀lì plasma lẹ̀ mọ́ kóró. Ẹ wo ibi tí àyè yẹn wà kí ẹ tó dájọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì dàgbà náà búlúù, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ róbótó, ó sì wà láàárín. Lymphocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, tí àrùn ru sókè lè búlúù létí, àmọ́ ara rẹ̀ máa ń fara mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa tó yí i ká.

Ẹ má kúrò ní ìpele yìí títí ẹ ó fi lè nàka sí sẹ́ẹ̀lì plasma mélòó kan tí kò ní àmì àjèjì kankan, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi pè é bẹ́ẹ̀.

Ìpele 5: Àwọn tó ṣàjèjì

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má kánjú.

Russell body àti Mott cell. Nígbà mìíràn sẹ́ẹ̀lì plasma á ṣe antibody tán, kò sì ní rí i rán jáde. Á máa kó jọ sínú endoplasmic reticulum, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe antibody náà, á sì di róbótó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan róbótó yìí ni Russell body. Tí ó bá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan títí tó fi ti kóró mọ́ etí, Mott cell ni à ń pè é. Lábẹ́ Leishman, ó lè mọ́ gaara tàbí kó ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́; lórí ègé egungun tí wọ́n fi àwọ̀ haematoxylin àti eosin (H&E) kùn, pupa ló máa ń jẹ́. Ẹ lè bá Russell body tó ti já sóde pẹ̀lú, tó ń dá wà láìní sẹ́ẹ̀lì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ihò lásán? Ẹ wo àwọn aládùúgbò. Tí neutrophil àti monocyte tó wà nítòsí bá ní ihò nínú, súláìdì tàbí ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ ló fà á. Tí sẹ́ẹ̀lì plasma nìkan bá ní i, ẹ yí bọ́tìnnì fókọ́ọ̀sì kékeré sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Róbótó tòótọ́ ní ara, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, ìwọ̀n wọn sì máa ń sún mọ́ra. Ihò òfìfo kò ní nǹkankan nínú. Tí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ mú súláìdì tí ẹ kò kùn, kí ẹ fi PAS, àwọ̀ tó ń fi ṣúgà ara púrótéènì hàn, kùn ún. Ọ̀pọ̀ róbótó yìí máa ń gba PAS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó lágbára jù nínú gbogbo ìwé yìí ni pé Mott cell nìkan kò túmọ̀ sí myeloma. À ń rí i nínú àrùn tó ti pẹ́ lára, nínú HIV, nínú àrùn tí ara ń bá ara rẹ̀ jà. Frederick Mott fúnra rẹ̀, nínú ọpọlọ ọ̀bọ tó ní àrùn oorun ló ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1905. À ń rí i nínú myeloma náà. Níbi tí ibà àti àrùn kòkòrò ti pọ̀ tó ti tiwa yìí, ẹni tó bá rí Mott cell méjì-mẹ́ta tó sì kọ jẹjẹrẹ ti ṣe aláìsàn ní ibi.

Dutcher body. Èyí dà bí ẹni pé ó wà nínú kóró. Ní tòótọ́, ara sẹ́ẹ̀lì tó kún fún antibody ló wọ inú kóró, tí awọ kóró sì yí i ká. Russell body tó kàn gorí kóró lè jọ ọ́ tán pátápátá. Ẹ yí fókọ́ọ̀sì: tí róbótó náà bá hàn kedere nígbà tí etí kóró ti sọnù, orí kóró ló wà. Tí àwọn méjèèjì bá jọ hàn kedere nígbà kan náà, tí etí kóró sì yí i po, Dutcher body ni. Ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú èyí. Kò wọ́pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí àrùn kòkòrò ru sókè; nínú Waldenström, jẹjẹrẹ kan tó jẹ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe antibody, àti myeloma la ti ń rí i jù.

Flame cell. Ara sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó búlúù, kó mu àwọ̀ bí àdìrẹ Ìtòkú tó ti mu aró yó, á wá pọ́n létí tàbí jákèjádò. Wọ́n máa ń so ó mọ́ IgA, irú antibody kan, òtítọ́ sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ kò fi hàn dájúdájú pé IgA ni, kò sì fi hàn dájúdájú pé jẹjẹrẹ ni. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ padà lọ wo eosinophil ìpele kejì. Tí pH kò bá dára, ọ̀rọ̀ flame cell kò sí.

Kírísítálì. Ó lè dà bí ọ̀pá tàbí abẹ́rẹ́ nínú ara sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá sáré lè pè é ní Auer rod, ọ̀pá tó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, kó sì kọ leukaemia (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀) mìíràn pátápátá. Ẹ wo kóró: tó bá jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì plasma, lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ojú aago, ẹ pè é ní kírísítálì inú sẹ́ẹ̀lì plasma.

Kóró méjì. Ẹni tó lera náà lè ní díẹ̀. Tí wọ́n bá pọ̀, tí kóró inú sẹ́ẹ̀lì kan náà kò bá dọ́gba, tàbí tí wọ́n bá di mẹ́ta-mẹ́rin, ẹ kọ ọ́.

Plasmablast. Kóró ńlá, chromatin tó fẹ́lẹ́ tí kò dì, nucleolus tó yọ síta kedere, ara díẹ̀, àyè mímọ́lẹ̀ tó kéré tàbí tí kò sí. Òun ni mo máa ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó jọ blast (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dàgbà rárá) tó ti ọ̀nà mìíràn wá, ó sì sábà máa ń tọ́ka sí àrùn tó le. Ẹ wá àwọn tó wà láàárín òun àti sẹ́ẹ̀lì plasma tó dàgbà lórí súláìdì kan náà. Tí ẹ bá rí wọn, ọ̀nà á là. Tí ẹ kò bá rí wọn, ẹ má fi ojú lásán dájọ́. Irú mìíràn wà tó ṣe idàkejì rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì plasma kékeré tó jọ lymphocyte débi pé àwọn ènìyàn máa ń kọjá lára rẹ̀. Ẹ wá kóró tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìpele 6: Kíkà

Ẹ ka sẹ́ẹ̀lì 500 tó ní kóró, lórí súláìdì méjì, ní ipa tó wà lẹ́yìn àwọn ègé. Ẹ má lọ jókòó síbi agbo sẹ́ẹ̀lì plasma kan ṣoṣo, ẹ má sì sá fún un. Tí ẹ bá rí 70 nínú 500, 14% nìyẹn. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún.

Nínú mùdùnmúdùn ẹni tó lera, wọn kì í sábà ju 3% lọ. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2014 fún myeloma béèrè 10% ó kéré tán, tí wọ́n sì wá láti ìdílé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tàbí kókó tí sẹ́ẹ̀lì plasma kó jọ dì (plasmacytoma) tí wọ́n ti gé lára rẹ̀ yẹ̀ wò. Nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: calcium tó ju 11 mg/dL lọ, creatinine tó ju 2 mg/dL lọ, haemoglobin tó wà lábẹ́ 10 g/dL, tàbí egungun tí àrùn náà ti jẹ. Tó bá ti tó 60%, iye yẹn nìkan ti tó fún myeloma, kódà láìsí àwọn wọ̀nyí. Lórí súláìdì ẹ̀jẹ̀, ẹ ka sẹ́ẹ̀lì funfun pẹ̀lú: láti 2021, 5% sẹ́ẹ̀lì plasma nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní myeloma ni wọ́n ń pè ní plasma cell leukaemia.

Iye tó kéré kò fọ aláìsàn mọ́. Àrùn yìí máa ń wà ní agbègbè-agbègbè nínú egungun, ègé egungun sì sábà máa ń fi iye tó ju ti súláìdì lọ hàn. Tí súláìdì kò bá ní ègé mùdùnmúdùn, ẹ kọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má kọ iye kankan bí ẹni pé ó dájú.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì ka tirẹ̀ láìrí iye tiyín. Tí ọ̀kan bá rí 6%, tí èkejì rí 15%, ẹ jọ jókòó sídìí máíkrósíkópù kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ẹnì kan ń ka sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì dàgbà mọ́ ọn.

Ìpele 7: Kíkọ èsì

Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ rò. Bí àpẹẹrẹ:

"Súláìdì ní ègé mùdùnmúdùn, ó ṣeé kà. Sẹ́ẹ̀lì plasma 14% nínú 500. Ọ̀pọ̀ jẹ́ èyí tó dàgbà. Àwọn kan ní kóró méjì tí kò dọ́gba. A rí Mott cell díẹ̀ àti Dutcher body. Ilẹ̀ súláìdì ní búlúù. Ti ẹni tó lera mọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa gorí ara wọn níbi tó fẹ́lẹ́ lórí súláìdì ẹ̀jẹ̀. Ó jọ àrùn sẹ́ẹ̀lì plasma. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìdílé sẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó dájọ́."

Àyẹ̀wò ìdílé sẹ́ẹ̀lì yẹn ni CD138, àmì tí a fi ń dá sẹ́ẹ̀lì plasma mọ̀, pẹ̀lú kappa àti lambda, oríṣi méjì ẹ̀ka kékeré ara antibody, lórí ègé egungun. Tí kappa nìkan tàbí lambda nìkan bá gba gbogbo wọn, ìdílé kan ni wọ́n. Tí méjèèjì bá pò pọ̀ dáadáa, ara ló ń fèsì sí nǹkan. Ẹ dábàá electrophoresis (àyẹ̀wò tó ń ya púrótéènì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀) ti ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, free light chain (ìwọ̀n kappa àti lambda tó ń dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀), àti fọ́tò egungun. Tí ilé ìwòsàn tí ẹ wà kò bá ní wọn, ẹ kọ orúkọ àyẹ̀wò náà kedere, kí ẹbí lè mọ ohun tí wọ́n ń lọ béèrè kí wọ́n tó náwó ọkọ̀ dé Ìbàdàn tàbí Èkó.

Ẹ nu òróró kúrò lára súláìdì, ẹ kọ nọ́ńbà aláìsàn àti ọjọ́ sí i, ẹ tọ́jú àwọn tí ẹ kò kùn. Tí calcium tàbí creatinine rẹ̀ bá ga, tí sẹ́ẹ̀lì plasma sì pọ̀, ẹ má dúró de ẹni tó máa wá gba ìwé lọ́la. Ẹ gbé fóònù, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kíndìnrín rẹ̀ lè má dúró dọ̀la.